Bẹ́ẹ̀dì Inú Yàrá Dókítà Ọjọ́-Orí

Bí ilẹ̀ kíníìkì náà bá ń dán tí ènìyàn lè fi wo eyín ara rẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé Ìyá Ó-Dán ti kọjá níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń nù ún, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè, pẹ̀lú àtẹ̀gùn méjìlélógún tó wà láàárín wọn. Bó bá ti nù ún tán, á na ẹ̀yìn, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí, á wí fún ara rẹ̀ pé, "Ó dán." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn aláìsàn ò mọ orúkọ mìíràn fún un, òun náà ò sì ráhùn. Ó ní orúkọ tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni bá sọ ni sàn ju èyí tí ìwà ẹni sọ ni lọ.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún kan àti oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe ìrora tí ènìyàn fi ń pariwo ládùúgbò. Ìrora tó ń bá ni gun àtẹ̀gùn ni, tó sì tún ń bá ni sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó pẹ́, kò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, á dà bíi pé ẹnì kan ti kàn án ní ìṣó mọ́ ibì kan. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ kan tí ojú rẹ̀ ti ṣú débi pé kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ló wá ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ láti bá a wọ̀ ọ́.

"Nígbà tí mò ń wá aya, mi ò kúnlẹ̀ tó báyìí," ni ọkọ máa ń wí.

"Nígbà yẹn, mi ò tíì mọ̀ pé ẹ lè kúnlẹ̀ ni," ni ìyàwó á dáhùn. "Ẹ rọra o, baba. Ẹ má fà á."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ bá wá yíjú láti wá bàtà, Ìyá Ó-Dán á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ kíá.

Ẹ ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíníìkì, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣebí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yanjú. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí odò náà ṣe rí fún yín.

Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Dókítà Ọjọ́-Orí là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ funfun, kì í bú ènìyàn. Ìṣẹ́jú méje ló ń lò fún aláìsàn kan, ó sì ń fi mẹ́rin nínú rẹ̀ wá gíláàsì ojú rẹ̀. Ohun tó fi lókìkí ni pé kò sí eegun tàbí oríkèé tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é láì dìde lórí àga. Èjìká tí kò gbéra? "Ọjọ́ orí ni." Ẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀? "Ọjọ́ orí ni." Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú, tó pọ́n? "Ọjọ́ orí ni, ẹ dín ẹran kù." Agbábọ́ọ̀lù kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ gbé ọrùn ẹsẹ̀ wíwú wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà wò ó láti ìdí tábìlì, ó mí kanlẹ̀, ó ní ọjọ́ orí mà ti ń tètè dé láyé ìsinsìnyí.

Orúnkún oníke kan wà lórí tábìlì náà tí àwọn tó ń ta oògùn fi ta á lọ́rẹ. Bó bá fẹ́ ṣàlàyé, á gbé e, á ká a, á nà án, á ní, "Bó ṣe ń jẹ nìyí." Láti bí ọdún mẹ́fà, orúnkún oníke yìí nìkan ni orúnkún tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn.

Ẹ má sì sọ pé kò sí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò o. Bẹ́ẹ̀dì wà. Ó wà lábẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti gbà á gbọ́ ni, nítorí ojú ò rí i. Páálí ló wà lórí rẹ̀: páálí abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, páálí kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Fáànù tó ti kú jókòó lórí páálí, agboòrùn dókítà fara ti fáànù, bàtà mẹ́ta sì wà lókè pátápátá. Mo ní mẹ́ta. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìkẹrin wà.

Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, á kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń kọ káàdì. Obìnrin tó fẹ́ràn ètò ni akọ̀wé yìí. Nígbà kan rí, bàbá kan wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìrora méje, ó sì rò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé kọ ìwé gàdàgbà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kánkán yàrá dókítà: ÌRORA KAN, KÁÀDÌ KAN. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí inú sì ń run ọ́, kí o yan ọ̀kan kó o fi ìkejì sílé.

"Níbo ló ń dùn yín, Ìyá?" ni akọ̀wé bi Ìyá Ó-Dán ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Orúnkún òsì ni. Ó tún máa ń mú mi níbi..."

"Orúnkún." Akọ̀wé ti kọ ọ́ tán. "Ẹyọ kan ni, mà. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ ń nu ìwé yẹn lójoojúmọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ń nù ún. Bí ìrora ibi tí itan ti pàdé ikùn ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìrora ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jí i láàárọ̀. Ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí obìnrin ń dédé na ọwọ́ sí níwájú ọkùnrin tí kò béèrè. Orúnkún ni wọ́n kọ, orúnkún náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n fún un ní ìpara orúnkún, wọ́n fún un ní báńdéèjì orúnkún, wọ́n fún un ní oògùn tó ń jó o nínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ya fọ́tò eegun orúnkún náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tónítóní.

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" ni dókítà wí, tó gbé fọ́tò kẹta sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ọjọ́ orí ni. Kò kàn tíì hàn nínú fọ́tò ni."

Ẹ rẹ́rìn-ín tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín nílé télọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, máníjà kíníìkì pe Ìyá Ó-Dán. Ọkùnrin tó kéré sí i ni, ó sì ń kí i dáadáa, ó tilẹ̀ dìde fún un.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ fi gun àtẹ̀gùn lánàá. Mo wo aago."

"Garawa omi wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Mo mọ̀, mà. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ yìí ṣe é wò sàn, a ó dúró dè yín. Bó bá ní kò ṣe é wò, a ó wá ẹlòmíì. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó máa parí oṣù."

Ọdún méjì péré ló kù kí Ìyá Ó-Dán fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá dá a dúró báyìí, ọwọ́ òfo ni yóò fi lọ sílé, nílé tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lábẹ́ ìbora láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí tọkọtaya náà ní láti fi dàgbà wà nínú ìwé tí dókítà fẹ́ kọ.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù náà, ó lọ bá dókítà.

"Mi ò lè purọ́, Ìyá," ni dókítà wí, ó sì bà á nínú jẹ́ lóòótọ́. "Ọjọ́ orí ò ní àtúnṣe. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, sà. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Orúnkún yín ń dùn yín?"

"Rárá o."

Dókítà gbé orúnkún oníke, ó ká a, ó nà án, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí ó bá òun pe ẹni tó kàn wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí nígbà tí ìròyìn dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Alábẹ̀wò yìí ló ń lọ káàkiri kíníìkì láti wò ó bóyá ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà. Inú kíníìkì dàrú. Máníjà ń wá ohun èlò ìpaná, akọ̀wé ń to káàdì. Dókítà dúró láàárín yàrá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ òkè páálí tó wà lábẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìyá Ó-Dán, ẹ jọ̀ọ́, tó bá di àárọ̀ ọ̀la, ẹ bá mi wá bẹ́ẹ̀dì yẹn jáde."

"Níbo ni kí n kó gbogbo ẹrù yìí sí, sà?"

"Ẹ kó o lọ sókè."

Ẹ gbọ́ o. Òkè tó fẹ́ kọ̀wé lé lórí pé obìnrin yìí kò lè gùn mọ́ láéláé, ibẹ̀ náà ló ní kó kó páálí lọ. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Inú bí Ìyá Ó-Dán, ṣùgbọ́n ó ní, "Ó dáa, sà," nítorí ọjọ́ Ẹtì ò tíì dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gùn ún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ó gbé páálí, ó gbé fáànù, ó gbé bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó kó èyí tó kẹ́yìn kúrò, ó rí i pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́ẹ̀dì náà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti nu eruku ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni ìrora bá gbá a mú. Ẹsẹ̀ òsì há, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Àga dókítà jìnnà, ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀dì sì wà nítòsí. Ó fa ara rẹ̀ lé e. Ọ̀rá dún gbirigbiri lábẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ẹni tó ń nu ilẹ̀ ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò náà.

Kò tíì mí délẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Alábẹ̀wò ti dé, wákàtí kan ṣáájú àsìkò. Obìnrin gíga kan ni, pátákó ìkọ̀wé wà láyà rẹ̀. Dókítà ń sáré tẹ̀lé e, ó ń de bọ́tìnnì. Ìyá Ó-Dán fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀.

"Aláìsàn nìyí?" ni alábẹ̀wò béèrè.

Dókítà wo obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí eruku ọdún mẹ́fà bo síkáàfù rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, á sọ pé ẹni tó ń nulẹ̀ ló ń sinmi.

"Aláìsàn mi ni," ó ní. "Àyẹ̀wò la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ. Ó wà lára ohun tí mo wá wò."

Págà! Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Dókítà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń sún mọ́ ajá alájá. Ó na ọwọ́, ó fi kan orúnkún òsì náà, orúnkún ènìyàn, tó ní awọ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ká a, ó nà án. Orúnkún lọ, orúnkún bọ̀. Kò wú, kò dún.

"Ó ń dùn yín?"

"Rárá, sà."

Ẹnu ya dókítà. Ó tún ká a, ó tún nà án. Alábẹ̀wò ṣì dúró, kò sì ṣeé ṣe kí ènìyàn máa ká ẹsẹ̀ kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ bá rántí ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé. Ó gbé itan náà sókè títí orúnkún fi dojú kọ àjà, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó rọra tì í síta kí itan lè yí sínú. Kò tíì yí ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ tí Ìyá Ó-Dán fi figbe ta. Aláìsàn méjì tó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìde, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ara àwọn ti yá.

"Níbo?" ni dókítà béèrè.

Láti ọdún kan àti oṣù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó béèrè. Ìyá Ó-Dán ò rójú ìtìjú mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ibi tí itan ti pàdé ikùn.

"Ibí, sà. Ibí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sórúnkún. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ó na ìka gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé gàdàgbà wà níbẹ̀, ó mọ́ dáadáa, nítorí òun ló ń nù ún.

Dókítà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ sí i, kì í ṣe òpè. Wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé oríkèé ìbàdí lè bàjẹ́ kí orúnkún máa jẹ ìyà rẹ̀, pé bí orúnkún bá ń dun ènìyàn, kí a má ṣe fi ìbàdí sílẹ̀ láìwò. Ó gba máàkì gidi nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n, ó ti gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ojú tì í, ó sì hàn.

"Ìbàdí ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìbàdí ni látìgbà yìí wá."

Alábẹ̀wò ní tirẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé rẹ̀ ní àyè fún àmì, kò ní àyè fún ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò: ó wà. Dókítà ń fọwọ́ kan aláìsàn: bẹ́ẹ̀ ni. Aláìsàn ń sọ tẹnu rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ketekete. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ya fọ́tò, nítorí òun kò tíì rí irú ìtọ́jú tó jinlẹ̀ báyìí káàkiri. Ó ya dókítà, ó ya bẹ́ẹ̀dì, ó ya Ìyá Ó-Dán tó ń fi eyín di ètè.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. Dókítà jókòó pẹ̀lú bébà àti gègé, Ìyá Ó-Dán dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀pù. Ìwé yìí ló le jù nínú ìwé tí ọkùnrin náà kọ rí, nítorí bó bá kọ òótọ́, máníjà yóò rí i pé orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan ni òun ti ń tọ́jú láti èṣí. Ó kọ díẹ̀, ó dúró, ó tún kọ.

"Kí lẹ kọ, sà?"

"Orúnkún àti ìbàdí."

"Orúnkún mi ò ṣe yín ní nǹkan kan, sà. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Dókítà gbójú sókè. Kò sí ẹni tó tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn rí. Ìyá Ó-Dán náà ò mọ̀ pé òun lè sọ ọ́. Ó di mọ́ọ̀pù mú, kò kúrò níbẹ̀. Dókítà fa bébà náà ya, ó mú òmíràn, ó kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta: ìbàdí òsì ni, èmi ni mo ṣì í wò, ó ṣe é wò. Ó buwọ́ lù ú. Kó má bàa di pé mo ń bú u lásán, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ àárín yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ ọ́.

Máníjà dúró dè é. Fọ́tò eegun ìbàdí fi hàn pé orí eegun itan ti jẹ nínú ihò rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ oríkèé náà nílé ìwòsàn ńlá. Dókítà eegun tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ̀rọ̀ kan fún tọkọtaya náà. Ó ní ká ní wọ́n tètè rí i ni, bóyá ọ̀pá ìtilẹ̀ àti bí wọ́n á ṣe máa na ẹsẹ̀ náà ì bá ti tó o fún ọdún bíi mélòó kan. Ìyá Ó-Dán kò sunkún nítorí ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa á lẹ́kún.

"Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Ó-Dán tún padà fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀, ọkọ ti kúnlẹ̀ kó tó rántí pé kò sí iṣẹ́ fún òun níbẹ̀ mọ́. Ó kàn dúró lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò ó.

Nígbà tí Ìyá Ó-Dán padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bá fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri yàrá dókítà nínú férémù aláwọ̀ wúrà: òun lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ÀPẸẸRẸ ÌTỌ́JÚ ALÁÌSÀN. Alábẹ̀wò ló fi í ránṣẹ́. Lábẹ́ fọ́tò náà, páálí méjì ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì, agboòrùn sì ti fara tì wọ́n.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó páálí náà gun àtẹ̀gùn, ìṣẹ́jú kan kò pé. Ó nu férémù. Ní ọ̀sán, ó nu ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé ìwé gàdàgbà akọ̀wé bá omi lọ.

"Ìyá, ìwé mi dà?" ni akọ̀wé béèrè.

"Ó dọ̀tí."

Láti ìgbà náà, ó yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà. Iwájú yàrá dókítà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé tán, ló ń nù nígbà tí aláìsàn bá wà nínú. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé tó ń tiro, ó ní orúnkún ọ̀tún ni. Dókítà na ọwọ́ sí orúnkún oníke.

"Ìyá, ṣé ẹ rí i, ọjọ́..."

Níta, Ìyá Ó-Dán gbé ìdí garawa lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A gbọ́ ìró àga tó ń sún sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gun orí bẹ́ẹ̀dì," ni dókítà wí. "Ẹ fi gbogbo ibi tó ń dùn yín hàn mí."

Ìyá Ó-Dán ki mọ́ọ̀pù bọ omi, ó sì ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.